Erùpẹ̀ Tí Mo Dì Mọ́ Ẹsẹ̀ Àna Mi

Ọdún tí àwọn tí wọ́n kó lọ sí ogun òyìnbó padà dé Manigri ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé erùpẹ̀ lè pa ènìyàn. Mo gbọ́ ọ kedere. Kí ẹni tó bá ń ka ìtàn yìí má ṣe sọ pé àìmọ̀kan ló bá mi jà.

Idrissou ọ̀rẹ́ mi ló sọ ọ́. Abẹ́ igi òrí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà la jókòó sí, ó ń ròyìn ogun, àwa ń gbọ́.

“Bachirou, mo rí ọkùnrin kan tó sanra jù ọ́ lọ. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹṣin ń sùn ló ti fara pa, erùpẹ̀ ibẹ̀ sì wọ inú ọgbẹ́ náà. Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ dì. Lẹ́yìn náà ni pajápajá mú un ní ọrùn, ó mú un lẹ́yìn, ó fà á títí tó fi tẹ̀ bí ọrun ọdẹ.”

“Kí ni wọ́n wá ṣe fún un?”

“Abẹ́rẹ́ kan wà. Ẹni tí wọ́n bá tètè gún, ó máa ń yè. Tirẹ̀ ti pẹ́ jù.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Èmi tí mo ti ń jẹ erùpẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń rá kòrò ńkọ́? Idrissou, ìbọn nìkan kọ́ ni òyìnbó kọ́ ọ, wọ́n kọ́ ọ ní irọ́ pẹ̀lú.”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Idrissou náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo jẹ́ ẹni tí kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn a sì máa yìn mí fún un nígbà náà.

Ọdún gorí ọdún. Ìyá Roukayatou, aya mi, kú, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí Roukayatou dàgbà tó ẹni tí à ń gbé níyàwó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Doguè ní òun fẹ́ ẹ. Tidjani ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Lamatou ni, Lamatou sì ni àbúrò Idrissou. Ilé Idrissou ló ń wọ̀ sí bó bá wá sí Manigri.

Ọmọ náà dára. Ó ga, ó lágbára, ó sì ń dáni lẹ́rìn-ín. Mi ò rí ohun tí mo lè fi kọ̀ ọ́, nítorí náà mo ní kó wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, báyìí ni. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ ẹni kì í fi ẹnu lásán fẹ́ ẹ. Yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọn yóò máa kọ ebè iṣu fún bàbá ìyàwó títí ilẹ̀ tí bàbá fi hàn wọ́n yóò fi tán. Kò gbọdọ̀ sọ pé ó rẹ òun. Kò gbọdọ̀ kérora létí àna rẹ̀.

Agbo ilé tiwa wá ní òfin kan tó jẹ́ tiwa nìkan. Bí ẹ̀jẹ̀ ọkọ ọmọ bá kán sórí ilẹ̀ oko àna, ọ̀wẹ̀ parí lọ́jọ́ náà. Bàbá kò gbọdọ̀ béèrè ebè kan mọ́. Kí ó mú ọmọ rẹ̀, kí ó fà á fún ọkọ.

Ilẹ̀ tí mo fi han Tidjani kì í ṣe ilẹ̀ kékeré. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti gba àwọn Fúlàní láyè kí màlúù wọn máa sùn lórí rẹ̀. Ilẹ̀ náà dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí òjò bá ti rọ̀, òórùn ìgbẹ́ màlúù a máa bu jáde lára rẹ̀. Mo ti fọ́nnu káàkiri Manigri pé lọ́dún tó ń bọ̀, iṣu mi ni wọn yóò máa fi kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan ní ńlá.

Ìdajì ilẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sábẹ́ igi lọ sinmi. Tidjani nìkan ló dúró, ó ń kọ ebè kan sí i, kí n lè rí i pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọkọ́ rẹ̀ bá gbòǹgbò igi pàdé, ó yẹ̀, igun rẹ̀ sì wọ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀, nítòsí àtàǹpàkò.

Kò gùn. Ṣùgbọ́n ó jìn.

Èmi nìkan ni mo wà nítòsí. Mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ń rú bọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ìdajì ilẹ̀ tó kù ni.

Mo sáré kúnlẹ̀. Èmi bàbá ìyàwó ni mo kúnlẹ̀ níwájú ọkọ ọmọ! Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ lára ebè, mo dì í mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, mo sì fi àtàǹpàkò mi tì í wọlé.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi omi ṣàn án.”

“Omi wo? Ṣé obìnrin ọlọ́mọ tuntun ni ọ́? Erùpẹ̀ oko kì í pa àgbẹ̀.”

Ó fún eyín pọ̀, síbẹ̀ ó fẹ́ ṣàwàdà. “Bàbá, ó dà bí ẹni pé ó ti kán o. Ṣé mo ti gba ìyàwó mi lónìí nìyẹn?”

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo wò ó lójú.

“Èmi ò rí ẹ̀jẹ̀ kankan,” ni mo wí. “Ìwọ ńkọ́?”

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

“Èmi náà ò rí i, Bàbá.”

Nígbà tí mo dìde, mo rí Roukayatou lójú ọ̀nà oko, ó ru kèrègbè omi bọ̀. Mo rò pé ó jìnnà. Mo gbọn erùpẹ̀ orúnkún mi dànù, mo ní kí ó yára, pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn ènìyàn.

Ojú ọgbẹ́ náà tètè pa dé. Iṣẹ́ ń lọ, inú mi ń dùn. Mo tilẹ̀ ń sọ fún ara mi pé ọgbọ́n àgbà ni mo lò.

Ọjà kan kọjá, Idrissou wá bá mi nílé.

“Àna rẹ ò lè jẹ iṣu mọ́. Ó ní àgbọ̀n ń dun òun, ẹnu òun kò fẹ́ là.”

“Eyín ni.”

“Mo wo eyín rẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe é.”

“Àbí ó ti ń bẹ̀rù pé òun ń bọ̀ wá di ọkọ? Ẹnu ọkọ ìyàwó tuntun a máa dì.”

Idrissou kò rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, pajápajá ti mú Tidjani ní itan. Ó fi í sílẹ̀. Ó tún mú un ní ẹ̀yìn ọrùn. Mo lọ wò ó. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, òógùn bò ó, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ sókè gbagidi bí okùn tí wọ́n fi so ẹran. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ dìde kí mi. Mo ní kó dùbúlẹ̀.

Idrissou di apá mi mú.

“Bachirou, wò mí. Ṣé ọmọ yìí fara pa ní oko rẹ?”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lè sọ òtítọ́ nìyẹn. Ó rọrùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.

“Rárá,” ni mo wí.

Ó yíjú sí Tidjani. “Ṣé o fara pa?”

“Rárá,” ni Tidjani wí. Àgbọ̀n rẹ̀ kò yà, láàárín eyín ló ti sọ ọ́.

Mo délé, Roukayatou dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, kámíyọ̀, ọkọ̀ ńlá tó ń kó òwú lọ sí Djougou, yóò kọjá lọ́la. Ó máa ń dúró ní ọjà Bassila. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ibẹ̀.”

“Ìwọ ti di ìyàwó ná?”

“Mi ò tíì di ìyàwó, Bàbá. Mi ò sì fẹ́ di opó kí n tó di ìyàwó.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé Tidjani lọ. Èmi nìkan ni mo tẹ̀ lé e. Mo sọ fún Idrissou pé kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, àna mi ni, èmi ni yóò tọ́jú rẹ̀. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ohun tí dókítà máa béèrè.

Ilé ìwòsàn Bassila nígbà náà kò ju yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ. Ọmọ ilẹ̀ wa ni ẹni tó wà níbẹ̀, Kassimou ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n nítorí aṣọ funfun rẹ̀ gbogbo ayé ń pè é ní dókítà. Ó ń bá àwọn ará Bassila sọ èdè wọn, ó ń bá àwa sọ tiwa. Ó tẹ itan Tidjani, ó tẹ ọrùn rẹ̀. Ó ní kó ya ẹnu. Ẹnu kò yà tó ìka kan.

“Bàbá, ṣé ó ti fara pa láìpẹ́ yìí?”

“Rárá.”

“Ẹ̀gún ńkọ́? Igi? Ọkọ́?”

“Mo ní rárá.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àgbẹ̀ ni, àpá ló kún ara rẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró lẹ́bàá àtàǹpàkò.

“Èyí ńkọ́?”

Níta, awakọ̀ kámíyọ̀ náà ń fun fèrè. Wọ́n ti di ẹrù tán.

“Mo ń béèrè nítorí pé bí ọgbẹ́ tuntun bá ni, kámíyọ̀ yẹn ni yóò gbé e lọ sí Djougou nísinsìnyí,” ni Kassimou wí. “Abẹ́rẹ́ tó wà fún un kò sí lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ ló wà. Bí kò bá sí ọgbẹ́, ó lè jẹ́ ibà, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún iṣan rẹ̀. Bàbá, ẹ ronú dáadáa.”

Mo ronú. Mo ronú pé bí mo bá sọ ọ́, Idrissou yóò gbọ́. Bí Idrissou bá gbọ́, Manigri gbọ́. Wọn yóò ní Bachirou fi ẹ̀jẹ̀ àna pamọ́ nítorí ebè. Wọn yóò ní òfin baba rẹ̀ ló fi erùpẹ̀ bò. Tidjani ń wò mí láti orí ibùsùn. Ojú rẹ̀ kò bú mi, kò sì bẹ̀ mí. Ó kàn ń dúró de ohun tí mo máa wí.

“Àpá àtijọ́ ni,” ni mo wí.

“Ọmọkùnrin, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bí Bàbá ṣe wí ni.”

Kámíyọ̀ náà lọ. Mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ títí tó fi rọ̀ sójú ọ̀nà Djougou.

Kassimou fún un ní kiníìnì. Ó ki aṣọ bọ omi gbígbóná, ó fi jó ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fún un ní oògùn kan tó mú un sùn. Nígbà tí Tidjani jí, ara rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. Ó tilẹ̀ mu kókó. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó! A padà sí Manigri, mo sì ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé mo ti ní kò sí nǹkan kan.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń fẹ́ fò bí mo bá ń ròyìn rẹ̀. Mi ò ní fò ó lónìí.

Mo ní kó padà sí oko.

Idrissou ní, “Ṣé orí rẹ pé? Ẹni tí kò tíì lè ya ẹnu?”

Mo ní, “Iṣẹ́ ló dì í, iṣẹ́ náà ni yóò tú u. Kì í ṣe ìwọ ni àna rẹ̀.”

Tidjani gbé ọkọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ̀ láti rí i, wọ́n sì gbé orin sókè fún un, orin tí wọ́n fi máa ń fi ọkọ ìyàwó ṣẹ̀sín:

“Ẹni tó fẹ́ Roukayatou, ẹ̀yìn rẹ̀ á kán! Ẹ̀yìn rẹ̀ á kán!”

Orin náà ròkè lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn gbogbo wọn. Mo rí i tí ara Tidjani gbọ̀n rìrì bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ká kò sẹ́yìn, orí rẹ̀ ń wá gìgísẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì ṣubú láàárín ebè méjì. Gìgísẹ̀ àti ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Orin dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, eyín rẹ̀ hàn. Ẹnìkan nínú wọn ní, “Ó ń rẹ́rìn-ín.” Kì í ṣe ẹ̀rín.

Wọ́n sáré pe Idrissou. Ó dúró lórí rẹ̀, ó pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Mo ti rí èyí rí.” Kò wo ojú mi.

A fi ẹní dè é mọ́ igi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lérí lọ sí Bassila. Bí ẹnìkan bá kọsẹ̀, iṣan rẹ̀ á fà. Bí ẹyẹ bá ké lójijì, iṣan rẹ̀ á fà. Orí rẹ̀ kò dàrú rárá, ó mọ ohun gbogbo tó ń ṣe é. Ìyẹn ló burú jù. Roukayatou tẹ̀ lé wa láìtọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Lamatou ní Doguè láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, òun náà sì ti dé Bassila kí a tó dé.

Kassimou lọ tààrà sí ẹsẹ̀ náà, síbi tí ìka rẹ̀ ti dúró lọ́jọ́ yẹn. Ó fi abẹ gé èépá ojú rẹ̀. Ohun tó jáde dúdú, ó ń rùn, hóró erùpẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ó gbé orí sókè. “Ta ló fi erùpẹ̀ sínú ọgbẹ́ yìí?”

Mo ní, “Bóyá ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀...”

“Kò tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀. Òkè ẹsẹ̀ ni. Wọ́n tì í wọlé ni. Ta ni?”

Tidjani sọ̀rọ̀ láàárín eyín rẹ̀. Gbogbo wa gbọ́.

“Èmi ni.”

“Irọ́ ni.”

Roukayatou ló wí bẹ́ẹ̀. Kò pariwo. Ó dúró sẹ́yìn Lamatou, ó ń wò mí.

“Irọ́ ló ń pa nítorí yín, Bàbá. Ẹ̀yin ni. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ru omi. Mo rí i tí ẹ kúnlẹ̀, tí ẹ bu erùpẹ̀. Mo rò pé ẹ ń tọ́jú rẹ̀ ni. Mo rò pé ẹ ti sọ fún dókítà.”

Kassimou ju abẹ ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo.

“Ẹ sọ fún mi pé àpá àtijọ́ ni. Kámíyọ̀ wà níta, Bàbá. Ẹ ń gbọ́ fèrè rẹ̀ bí èmi náà ṣe ń gbọ́ ọ.”

Idrissou ní, “Lábẹ́ igi òrí, Bachirou. O rẹ́rìn-ín.”

Mo ń dúró kí Lamatou figbe ta, kí ó bú mi, kí ó fi ọwọ́ gbá mi lójú. Ìyẹn ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé ariwo ń fa iṣan ọmọ òun. Ó súnmọ́ mi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kí ni.

“Bàbá Roukayatou, bó bá jẹ́ ebè lẹ ń fẹ́, ẹ̀ bá sọ fún mi. Èmi fúnra mi ì bá wá kọ ọ́ fún yín.”

Kassimou rán ẹnìkan lórí kẹ̀kẹ́ lọ sí Djougou. Ó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé yàrá kejì, ó ní kí wọ́n gbé Tidjani síbẹ̀. Ó kó gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ gbọ́. Ariwo ni ọ̀tá rẹ̀ báyìí. Bí ìlẹ̀kùn bá pariwo, bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé lójijì, bí ẹnìkan bá fọwọ́ kàn án láìtọ́, iṣan yóò fà. Bó bá fa ẹsẹ̀, yóò dùn ún. Bó bá fa ọ̀fun, kò ní mí mọ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa jókòó tì í.”

Roukayatou àti Lamatou ni wọ́n ń gbà á fún ara wọn. Ní tèmi, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Abẹ́rẹ́ dé láti Djougou, wọ́n gún un. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ ìròyìn kankan ní Manigri. Lẹ́yìn náà ni Roukayatou ránṣẹ́ sí Idrissou: pajápajá náà ti ń jìnnà síra wọn. Ó ti ń sùn. Ẹnu rẹ̀ ti yà tó kí wọ́n lè fi ṣíbí bu kókó sí i. Dókítà ní bí ó bá lè rí ìdákẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i, yóò yè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá.

Èmi ńkọ́? Bí mo bá lọ sí mọ́sálásí, ẹ̀gbẹ́ mi á ṣófo. Bí mo bá kí ènìyàn, á dáhùn, á sì kọjá. Àwọn ọmọdé ti sọ ebè mi ní orúkọ. Ebè Afẹ̀jẹ̀pamọ́ ni wọ́n ń pè é. Ọkàn mi ń jẹ mí nítorí Tidjani, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ń jẹ mí ju Tidjani lọ.

Mo lọ bá àwọn àgbà. Mo ní mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ó dára, wọ́n á tẹ̀ lé mi. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ lójú ayé, ojú ayé ni yóò ti bẹ̀bẹ̀. Yóò kó àgbà lẹ́yìn, gbogbo wọn á dọ̀bálẹ̀, wọn á fi ohùn kan bẹ ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ, wọn kì í kà á sí.

Idrissou wá bá mi. Ìgbà ìkẹyìn tó wọ ilé mi nìyẹn.

“Dúró kí ara ọmọ yẹn yá.”

“Títí dìgbà wo? Títí wọn yóò fi sìnkú orúkọ mi tán?”

“Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe iṣu, Bachirou. Kì í jẹrà bó bá pẹ́.”

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a gbéra lọ sí Bassila, èmi àti àwọn àgbà Manigri, pẹ̀lú obì àti aṣọ funfun.

Kassimou kò sí nílé, wọ́n ti pè é lọ sí abúlé kan. Roukayatou ló jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù. Nígbà tó rí èrò lẹ́yìn mi, ẹ̀rù bà á, ó sì fi ìka lé ètè.

“Bàbá, ẹ padà.”

“Kí lo wí?”

“Ó ń sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà.”

Ó ṣì fi ìka lé ètè rẹ̀. Ọmọ tí mo bí, níwájú àwọn àgbà Manigri, ó ń fi ìka sọ fún mi pé kí n panu mọ́. Inú mi ru. Mo gbàgbé ohun tí mo bá wá.

“Ìwọ? Ìwọ ni yóò sọ fún mi pé kí n dákẹ́?”

Ohùn mi ròkè. Àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn rò pé mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú àgbàlá, wọ́n sì gbé ohùn sókè pọ̀:

“A bẹ̀ yín o! Ẹ forí jì í o! Ẹ fi ti Ọlọ́hun ṣe é!”

Mo ti Roukayatou sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣí ìlẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán dà wọlé bo Tidjani.

Ó ti jí. Ó rí mi. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti gbìyànjú láti gbàgbé ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀, ó fẹ́ dìde. Ó fẹ́ kí àna rẹ̀.

“Ẹ káà...”

Kò parí rẹ̀. Iṣan náà mú un láti ọrùn dé gìgísẹ̀, ó sì gbé e kúrò lórí ẹní. Mo gbọ́ ìró kan nínú ọ̀fun rẹ̀, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Lamatou di orí rẹ̀ mú, ó ń sọ sí i létí pé, “Rọra, Tidjani, rọra, mí, mí.” Ojú rẹ̀ dúdú. Àyà rẹ̀ le bí pátákó. Roukayatou gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó wólẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Nígbà tí iṣan náà tú, ó tú tán pátápátá. Kò sí èémí kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Níta, àwọn àgbà kò mọ̀. Wọ́n ṣì dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣì ń pariwo pé kó forí jì mí.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Wọn kò jẹ́ kí n bu erùpẹ̀ sí sàréè rẹ̀. Idrissou ló dá ọwọ́ mi dúró. Ó ní, “O ti bu tìrẹ.”

Mo ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ kí n tó fi ara mi kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi kọ ìtàn yìí, kí ó má baà fi oyin sí i. Bí ọkọ́ tàbí ẹ̀gún bá gún ẹni yín níbi tí ẹran ń sùn, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, ẹ sì sọ òtítọ́ ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí àgbọ̀n rẹ̀ bá ti ń dì, ẹ má ṣe dúró wo nǹkan kan. Bí ẹ bá sì jẹ ẹnìkan ní ẹ̀bẹ̀, ẹ wo ìlera rẹ̀ kí ẹ tó wo ojú ayé.

Ohun tó sọnù nìyí. Tidjani kú, Lamatou kò sì ní ọmọ mìíràn. Roukayatou tẹ̀ lé Lamatou lọ sí Doguè, kò padà sílé mi mọ́, mi ò sì mọ ojú ọmọ kankan tó bí. Idrissou gbé ayé rẹ̀ títí tó fi kú láìtún bá mi sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ náà di igbó, ìdajì tí wọ́n kọ àti ìdajì tí wọn kò kọ. Mi ò gbin iṣu kan sí i.